Oríkì àti Fọ́tò: Ojú Wo Ni A Fi Ń Wo Ìbàdàn Àtijọ́?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé iṣẹ́ lámèyítọ́ kò kọjá ìtàn àròsọ, eré onítàn àti ewì. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ènìyàn bá fi ọgbọ́n ọnà gbé kalẹ̀ ni a lè yẹ̀ wò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, fọ́tò tí à ń yà ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà ni a óò gbé lé ìwọ̀n. Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú wọn ń fi òrùlé hàn wá, wọn kò fi ìlú hàn wá. Oríkì sì lè kọ́ onífọ́tò ní ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Ibi tí onífọ́tò dúró sí ni kí á kọ́kọ́ wò. Orí òkè ni Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929 wà. Òkè Àrẹ̀mọ ni Láyípo wà, ilé ìṣọ́ tí a kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower. Láti irú ibi gíga bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ya ìlú: pánù tí ó ti dípẹtà tẹ́ lọ bí ẹní, kò sí ilẹ̀kùn kan tí ènìyàn lè kàn. Ojú kan náà ni J. P. Clark fi wo ìlú nínú ewì kúkúrú rẹ̀ tí ó pè ní "Ibadan": òkè méje, ìpẹtà, oòrùn, a kò rí ẹnì kan níbẹ̀. Ewì náà gún régé, ṣùgbọ́n ojú àlejò tí ń kọjá lọ ni.

Oríkì Ìbàdàn kò gun òkè kí ó tó sọ̀rọ̀. Òro àti ìgbín tí àwọn tí ó tẹ ìlú dó jẹ ni ó ń rántí, títí kan ìkarahun tí wọ́n sọ di ohun èlò. Ohun tí ọwọ́ ń dì mú lójoojúmọ́ ni ó sọ di ìtàn.

Àwọn onímọ̀ ti kíyèsí i pé Yorùbá ní òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ ọnà. Ní 1973, Robert Farris Thompson ṣàlàyé jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, kí ó má jọ ọ́ jù, kí ó má sì sọnù. Ní 1978, Stephen Sprague kọ nípa àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún nínú ìwé ìròyìn African Arts. Àgbà á jókòó, yóò kọjú síni, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan, kí ipò rẹ̀ lè hàn. Ìjókòó náà ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ń bu irú ọ̀wọ̀ yìí fún olóyè, kí ló dé tí a kò lè bù ú fún ìsọ̀ aláta ní Ọjà'ba? Ilé ẹlẹ́mu ńkọ́? Àga gbọọrọ, akèrègbè àti àwọn tí ń tàkùrọ̀sọ ni ilé ẹlẹ́mu. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mùtí nìkan ni onífọ́tò yà, ẹ̀fẹ̀ ni ó ṣe.

Ẹnìkan lè takò wá pé oríkì lẹ́nu, fọ́tò kò lẹ́nu. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì ní 1968. Ẹ̀yìn orí ni ó yà nínú púpọ̀ wọn, síbẹ̀ ó fi orúkọ irun sí i, irú bí Onílé gogoro. Orúkọ yẹn ni ẹnu fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́lẹ̀kájà: òwe àti àdúrà tí a kọ sára pákó rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀. Ẹni tí ó yà á lókèèrè tí a kò fi lè ka ọ̀rọ̀ náà ti sọ òwe nù. Bọ́lẹ̀kájà ti kúrò ní títì; takisí Micra ni ó ń ná Bẹẹrẹ báyìí.

Ilé alámọ̀ ń wó, a sì ń fi ti búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀. Bí agbo ilé bá wó tán, fọ́tò tí kò lórúkọ kò lè jẹ́rìí rẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá gbé fọ́tò síwájú rẹ̀ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni onífọ́tò dúró sí? Kí ni ó yọ sílẹ̀? Ta ni ó lè dárúkọ ohun tí ó kù?