Níbo ni a sin ín sí? Àríwísí lórí bí a ti ń kọ ibi ìsìnkú sínú ètò kọ̀ǹpútà ìtàn ìran

Nígbà tí mo parí fáìlì ìran tiwa, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo sì gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Kétu. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo ń kà á sí wọn létí: orúkọ, ọdún, ibi tí a sin olúwarẹ̀ sí. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni mo ń kà: "Kétou, Plateau, Bénin." Nígbà tí mo ka èyí tó tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé gbogbo Kétu ni a sin bàbá wa sí ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fi ọwọ́ kọ, ohun tó wà níbẹ̀ ni "yàrá ìyá wọn, lápá ọ̀tún," "ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀," "oko, kò dé ilé." Nígbà tí mo kó wọn sínú ètò kọ̀ǹpútà, ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ibi ọ̀tọ̀, ó sì fi bọ́tìnì kan hàn mí tí mo lè fi dà wọ́n pọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì náà. Inú mi dùn pé iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní.

N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti tako ìṣọ̀kan àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá kọ Kétou lónìí, tó kọ Ketu lọ́la, tó wá kọ Kétu lọ́túnla, kò ní rí àwọn òkú ilé rẹ̀ kó jọ sójú kan, nítorí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí. Bákan náà ni Ṣábẹ àti Savè, Àjàṣẹ́ àti Porto-Novo àti Hogbonu. Ohun tí mo ń bá jà ni ìmọ̀ràn tó gbòde, tó ní orúkọ ìlú àti ti ìjọba nìkan ni ó yẹ kó dọ́gba.

Ìlànà tó wà nídìí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ni GEDCOM, tí ìjọ Mọ́mọ́nì kọ́kọ́ gbé jáde ní 1984. Nínú rẹ̀, BURI ni àmì ìsìnkú, PLAC ni ti ibi, ADDR ni ti àdírẹ́sì, NOTE ni ti àlàyé. PLAC ń fẹ́ kí á to ibi láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, kí kọ́mà sì wà láàárín wọn: ìlú, ẹkùn, orílẹ̀-èdè. Ẹ̀dà 7.0 ti jáde láti 2021, ṣùgbọ́n 5.5.1 ni ọ̀pọ̀ ètò ṣì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ọ̀nà méjì ni àwọn olùlò pín sí. Àwọn kan ní kí á fi orúkọ itẹ́ òkú ṣáájú nínú PLAC, kí ìlú tẹ̀ lé e. Àwọn kejì ní itẹ́ òkú kì í ṣe ìlú, kì í sì í ṣe ẹkùn, nítorí náà kí PLAC dúró sórí ìlú, kí orúkọ itẹ́ òkú lọ sínú ADDR tàbí NOTE. Wọ́n ti jiyàn yìí pẹ́. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì fún ẹni tí òkú rẹ̀ wà nínú itẹ́ òkú, tí òkúta sì wà lórí rẹ̀ tí a kọ orúkọ sí.

Àmọ́ àwa ńkọ́? Ilé ni bàbá ń sùn sí. Ẹni tó bá kú ní àgbà, tó bímọ, yàrá rẹ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé ni a ń gbẹ́ ilẹ̀ sí, ibẹ̀ á sì di ojú oórì tí àwọn ọmọ ń bá sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti àwọn ará oko nìkan nìyẹn. Francisco Félix de Souza, Chacha àkọ́kọ́ ní Ouidah, tó kú ní 1849, inú agbo ilé rẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà títí di òní, Àgùdà sì ni. Àwọn Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ ní itẹ́ òkú tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sàréè níbẹ̀ ni kò ní ìkọ̀wé kankan lórí; ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n. Bí a bá wá gba ìmọ̀ràn ọ̀nà àkọ́kọ́, a ó máa wá orúkọ itẹ́ òkú tí kò sí. Bí a bá gba ti ìkejì, ohun kan ṣoṣo tó ní ìtumọ̀, ìyẹn ilé, á bọ́ sínú àlàyé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Òfin kan tún wà tí àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí máa ń tẹnu mọ́: kí á kọ orúkọ ibi bí ó ti ń jẹ́ lọ́jọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Fún ìbí, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tí a bí ní Kétu ní 1950, Dahomey ni a bí i sí, torí ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè náà di Bénin. Ẹni bá sì ń wá ìwé ìbí rẹ̀, orúkọ àtijọ́ ni yóò bá nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìbí ti ṣẹlẹ̀, ó ti tán. Sàréè kò tíì tán. Ó wà níbẹ̀ ní àárọ̀ yìí. A sin ènìyàn sí Ṣábẹ nígbà tí ibẹ̀ wà lábẹ́ Zou; láti 1999 tí a ti sọ ẹkùn mẹ́fà di méjìlá, abẹ́ Collines ló wà. Kétu náà kúrò lábẹ́ Ouémé bọ́ sábẹ́ Plateau. Ní Atakpamé, òkú kan náà lè ti wà lábẹ́ Jámánì, kó wà lábẹ́ Faransé, kó wá di ti Togo, kò sì yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ní 1889 Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà gba inú ilẹ̀ Kétu kọjá, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá ibi tó di Nàìjíríà, àwọn bàbá tó sùn síbẹ̀ ṣáájú ọdún yẹn kò sì kúrò ní ilẹ̀ Kétu ní tiwọn. Ti ìsìnkú yàtọ̀, nítorí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ fẹ́ lọ dé ibẹ̀. Orúkọ òní ni kó wà nínú PLAC, kí ti àtijọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Gramps, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, gba kí ibi kan ní orúkọ púpọ̀, kí á sì kọ ọdún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún gba pé ibi kan lè kúrò lábẹ́ ẹkùn kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé bí a bá gbé fáìlì náà jáde ní GEDCOM 5.5.1 fún ẹlòmíràn, PLAC kò ní àyè fún gbogbo ìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo ló lè gbé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àpótí tó ń parí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. A tẹ "K," ó ti fi Kétu síwájú wa. Ní 1886 ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Àwọn tó kú láàárín ńkọ́? Mo ti rí i nínú fáìlì ju ẹyọ kan lọ, àti nínú tèmi pẹ̀lú, pé ẹni tó kú lóko ẹrú ní "Kétou" níwájú ìsìnkú rẹ̀, kìkì nítorí pé Kétu ni ètò náà dá lábàá. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dọ́gba délẹ̀, irọ́ sì ni. Àyè tó ṣófo ìbá sàn jù.

Nígbà míì, ibi méjì ni a sin ènìyàn sí lóòótọ́. Bí ẹni kan bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, àṣà wa ni kí á mú irun àti èékánná rẹ̀ wá, kí á sin wọ́n sílé. Fún ìdílé, ilé ni ó wà. GEDCOM gba BURI méjì fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n ó ní èyí tó kọ́kọ́ wà ni kí á kà sí pàtàkì, ọ̀pọ̀ àwòrán ìran sì ń tẹ èyí nìkan. Nítorí náà ẹni tó bá ń kọ ọ́ ní láti yan èyí tó ṣáájú, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà ló yẹ kó bá a yàn án. Èmi máa ń fi ilé ṣáájú. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò ní gbà.

Nípa ti ilẹ̀, kí á sọ̀rọ̀ kedere. Ní agbo ilé, ẹni tó bá fẹ́ ta yàrá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni tó sùn síbẹ̀. Ojú oórì ni ẹ̀rí àwọn tí kò ní ìwé, òfin ilẹ̀ ti 2013 sì ń tì wá sí ọ̀nà ìwé. Fáìlì tó sọ pé gbogbo bàbá wa wà ní "Kétou" kò gbè ẹnikẹ́ni lẹ́yìn nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀dà 5.5.1 ni PLAC ti ní àyè fún MAP, níbi tí a ti lè tọ́ka ojú ibi náà gan-an sórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn ètò wọ̀nyí mọ bí a ti ń bo àwọn alààyè: tí a bá fẹ́ gbé fáìlì jáde, a lè ní kí ó fi ọjọ́ ìbí àti ilé ẹni tó wà láàyè pamọ́. Wọn kì í bo òkú. Níbi tí itẹ́ òkú ti jìnnà sílé, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lọ́dọ̀ wa, bí mo bá tọ́ka sàréè bàbá mi àgbà, yàrá tí àbúrò mi ń sùn ni mo tọ́ka sí. Èyí kò sì tíì kan àwọn tí àwọn bàbaláwo tàbí àwọn olórìṣà sin sínú igbó, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ ojú ibẹ̀.

Bí mo ti ń kọ ọ́ báyìí nìyí. Orúkọ agbo ilé ló ń ṣáájú nínú PLAC, orúkọ gan-an tí ará àdúgbò á dá mọ̀, kì í ṣe "ilé wa" tàbí "ilé bàbá," nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń yí ìyẹn padà. Ìlú, ẹkùn àti orílẹ̀-èdè òní á tẹ̀ lé e, lọ́nà kan náà nígbà gbogbo. Ojú ibi tó wà nínú ilé á lọ sínú NOTE, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó sọ ọ́ fún mi àti ọdún tó sọ ọ́, n kì í sì í jẹ́ kí NOTE yẹn bá fáìlì jáde. N kò fi ibi ikú ṣe ibi ìsìnkú láì bèèrè. Fún itẹ́ òkú, èyíkéyìí nínú ọ̀nà méjèèjì náà ló bá mi lára mu.

Mo padà sí Kétu, mo tún un kà fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí mẹ́ta. Nígbà tó kan ìyá tiwọn, wọ́n ní kí n kọ "ó wà nílé," kí n má kọ yàrá. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà náà ṣì ń fi àmì ìkìlọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé òun kò dá ibẹ̀ mọ̀.