Ọwọ́ Tó Ń Tú Pínnì

James Forman kì í fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ kó má sí lákọsílẹ̀. Láti 1961 tó ti di akọ̀wé àgbà SNCC, ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní 1960 láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní gúúsù Amẹ́ríkà, títí di 1966 tó kúrò nípò náà, ohun tó ń tẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ létí ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́. Àwọn tó wà ní Mississippi, Alabama àti Georgia á tẹ ọ́fíìsì Atlanta láago, ẹni tó bá jókòó ti fóònù á fi taípíráítà tẹ ohun tó gbọ́: aago mélòó ni, ta ni wọ́n mú, àgọ́ ọlọ́pàá wo ni wọ́n gbé e lọ. WATS report ni wọ́n ń pe ìwé yẹn. WATS ni ìlà tẹlifóònù tí wọ́n ń san iye kan náà fún lóṣooṣù, bó ti wù kí wọ́n pè tó. Àwọn ìwé Forman wà ní Library of Congress ní Washington báyìí. Ti ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ wà ní King Center ní Atlanta, wọ́n sì ti yà wọ́n sínú máíkírófíìmù, róòlù 73.

Kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó di ohun tí olùwádìí lè béèrè fún, ó gba ọwọ́ ẹnì kan tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ kọjá. Wọn kì í gbẹ́ ère irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ. Kò wọ ìbọ̀wọ́, àfi tó bá kan fọ́tò, torí ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ ibi tí bébà ti gbó. Ó ṣí páálí, kò sì tíì mú nǹkan kan jáde. Bí ìwé ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ló kọ́kọ́ ń wò. Tó bá bá lẹ́tà ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín rìsíìtì owó béèlì méjì, kò ní yọ ọ́ lọ sáàárín àwọn lẹ́tà yòókù. Bóyá ìyá yẹn ló wá owó béèlì náà. Ẹni tó fi í síbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Ó wá kan pínnì. Ojú ewé mẹ́rin ni wọ́n dè pọ̀, irin náà sì ti dípẹtà. Ẹ̀rọ eléyín tí a fi ń fa pínnì yọ ní ọ́fíìsì kò gbọ́dọ̀ dé ìdí bébà yìí. Ó dojú ìwé náà dé, kí ẹsẹ̀ pínnì lè kọjú sókè. Ó ti ọ̀rá líle pélébé kan sábẹ́ ẹsẹ̀ náà kí irin má baà ha bébà. Ó fi irin pẹlẹbẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró ṣánṣán, ó gbé èkejì. Ó yí ìwé padà, ó ki irin náà sábẹ́ ẹ̀yìn pínnì, ó sì gbé e sókè tààrà, kò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá kán sínú, ẹ̀mú kékeré ló máa fi yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ á gbá ìyẹ̀fun ìpẹtà síta, kúrò lójú ọ̀rọ̀. Àmì pupa tí irin fi sílẹ̀ kò kàn án. Ara ìwé ni.

Ewé kejì ti ya láti etí dé àárín. Bébà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rà ni, èyí tí kò wọ́n, tí ásíìdì inú rẹ̀ ń sọ di pupa tó sì ń jẹ́ kó máa rún. Ẹnì kan ti lẹ sélótéèpù mọ́ ibòmíràn tó ya nígbà kan, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wọ òdìkejì. Ohun tí òun ń lò ni sítáàṣì àlìkámà. Ó gbé e ka iná díẹ̀, ó ń rò ó láìdáwọ́ dúró bí ẹni ń po ẹ̀kọ títí ó fi mọ́lẹ̀, ó jẹ́ kó tutù, ó sẹ́ ẹ kí kókó má baà wà nínú rẹ̀. Ó mú bébà Japan tí wọ́n fi èèpo igi kozo ṣe, ó fi búrọ́ọ̀ṣì olómi fa ìlà lé e lórí, ó sì fọwọ́ ya á lójú ìlà náà. Kò lo sáàsì, torí ó fẹ́ kí etí rẹ̀ ní fọ́nrán tí yóò di bébà mú. Ó fi lẹ́ẹ̀ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ́ ẹ lé ibi tó ya náà, ó fi bébà tó ń fa omi bò ó, ó gbé ẹrù lé e, ó sì lọ ṣe nǹkan mìíràn. Èmi fẹ́ràn ìdí tó fi yan sítáàṣì: bí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ bá dé lọ́jọ́ iwájú, omi díẹ̀ á tú u.

Nígbà yẹn ló ń wá ọdún. Ká ní ìwé kan sọ pé “Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kẹfà”, tó dákẹ́ síbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ló máa ṣí. Ọjọ́ náà bọ́ sí Àìkú ní 1959, 1964 àti 1970. Ní 1959 wọn ò tíì dá SNCC sílẹ̀; ní 1970, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ túká. Ó tún padà sínú ìwé: àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dáná sun ní Neshoba County, Mississippi, kò tíì padà dé. James Chaney, Andrew Goodman àti Michael Schwerner nìyẹn, tí wọn ò rí òkú wọn títí di 4 oṣù Kẹjọ. Ó fi pẹ́ńsù kọ [1964] sára fáìlì. Àkámọ́ onígun yẹn ló ń sọ fún òǹkàwé pé òun ló rí ọdún náà, kò sí lára ìwé.

Ohun tí wọ́n gé látinú ìwé ìròyìn ló kẹ́yìn. Bébà ìwé ìròyìn máa ń ba èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sórí bébà tí kò ní ásíìdì, tí wọ́n á sì kó ògbólógbòó dànù. Ó yí ọ̀kan síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà fóònù sí etí rẹ̀. Èyí kò ní lọ. Ó fi í sínú ọ̀rá tirẹ̀, ó fi ẹ̀dà sí àyè rẹ̀ nínú fáìlì, ó sì kọ nọ́ńbà páálí tí ojúlówó wà sí i lẹ́yìn.