Oríkì Tí Ojú Ń Gbọ́

Ẹni tó bá ní kí n ya àmì asà fún òun, irú èyí tí àwọn ìdílé ńláńlá ní Yúróòpù ń lò láti ọ̀rúndún kejìlá, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Ọ̀rọ̀ ni àmì náà gan-an. Àpèjúwe tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ayàwòrán mẹ́wàá lè yà á lọ́nà mẹ́wàá, kí gbogbo rẹ̀ sì tọ̀nà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nìyẹn: oríkì ni, àfi pé ojú la fi ń gbọ́ ọ.

Ẹ wo èyí tí wọ́n fún bàbá William Shakespeare lọ́dún 1596. Asà aláwọ̀ wúrà ni. Ọ̀já dúdú kan dábùú rẹ̀ láti igun òkè wá sísàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ wúrà ẹlẹ́nu fàdákà wà lórí ọ̀já náà. Ó tán. Ọ̀kọ̀ wà nínú orúkọ wọn, ọ̀kọ̀ náà ni wọ́n sì yà. Ó wù mí ju asà tí wọ́n kó ẹranko rẹpẹtẹ sí lọ.

Wúrà lórí dúdú, dúdú lórí wúrà: òfin ni. Wúrà àti fàdákà, tí í ṣe yẹ́lò àti funfun, ni irin. Pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò ni àwọ̀. Irin kì í gun irin, àwọ̀ kì í gun àwọ̀, kí ojú lè dá asà mọ̀ láti òkèèrè. Asà Nàìjíríà náà pa á mọ́: ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, omi funfun méjì, Ọya àti Bẹ́núé, tó pàdé ní Lọ́kọ́jà.

Kíkọ̀ ló ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí. Oníbàárà á fẹ́ Bíbélì, gègé, ilé àti máàpù lórí asà kan. Mo máa ń bi ọmọ Yorùbá pé kí ni orílẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní Òpómúléró ni òun, ara mi á yá gágá. Ọ̀já tó nà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ wà lára àwọn àmì tó pẹ́ jù lórí asà, òpó nìyẹn! Ká wá fi ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan kún un, nítorí kò gbọdọ̀ bá ti ẹlòmíì dọ́gba.

Àwọn kan ń ta asà fún gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan. Ẹ má rà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ni wọ́n ń fún ní asà, òun àti ìran rẹ̀ ló sì ni ín. College of Arms tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti dá a sílẹ̀ láti 1484. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ti di ọmọ ibẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ sì mú orílẹ̀ yín dání lọ.