Òkè Ìdànrè kọjá àtẹ̀gùn
Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tí à ń kà lórí ayélujára nípa Òkè Ìdànrè, ìdí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ó lé ní 600, ẹ gbé omi dání, ẹ ya fọ́tò. Ó parí.

Ọ̀nà ńkọ́? Téèyàn bá wakọ̀ láti Àkúrẹ́, àpáta á ti máa yọrí lẹ́yìn oko kòkó kó tó wọ ìlú rárá. Google Maps ò rí ìyẹn. Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ìṣẹ́jú ló ń kà. Òǹkọ̀wé tó lójú, kí ló wá ń ka àtẹ̀gùn fún? Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, níbi táwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 1923. Ìlà kan péré ni wọ́n ń fún un.

Wọn ò tiẹ̀ sọ fún ẹni tó tún fẹ́ dé Oǹdó lọ́jọ́ kan náà pé kó tètè jáde láàárọ̀. Orúnkún á ti sọ tiẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.