Iṣẹ́ Àwọ̀ Nínú Fíìmù Traffic

Ìtàn mẹ́ta nípa òwò oògùn olóró ló lọ́ mọ́ra wọn nínú Traffic, fíìmù tí Steven Soderbergh darí ní ọdún 2000. Àwọ̀ ló ń tọ́ òǹwòran sọ́nà. Mẹ́síkò pọ́n bí ewé tábà gbígbẹ. Ní Ohio, níbi tí adájọ́ tí wọ́n ní kó gbógun ti oògùn olóró ti bá ọmọ tirẹ̀ nídìí rẹ̀, àwọ̀ búlúù ló gbalẹ̀.

Soderbergh fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà, lábẹ́ orúkọ Peter Andrews.

Benicio del Toro, tó ṣe ọlọ́pàá Mẹ́síkò nínú fíìmù náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀; ojú rẹ̀ ló ń ròyìn. Àmì-ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin ni fíìmù náà gbà, ó sì tọ́ sí i.