Ìjọba Wo Ni Ó Kọ Ọ́?

Láìpẹ́ yìí, bí mo ti ń bẹ àwọn ilé-ìwé wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi, mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan tí n kò ní dárúkọ. Olùkọ́ ń ka ìwé kan nípa Gáná sí àwọn ọmọ létí. Nígbà tí ó kà á tán, ó ní, "Ìwé ìjọba ni mo kà yìí, nítorí náà, òótọ́ ni." Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ìjọba wo?" Olùkọ́ ní kí ó jókòó. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè tí ó yẹ kí àwa àgbà kọ́kọ́ bi ni ọmọ náà bi, òun ni mo sì fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn.

Ìwé pẹlẹbẹ ni ìwé tí à ń wí yìí. Ilé-iṣẹ́ Ìròyìn ìjọba Gáná ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Àkráà ní ọdún 1966, Nkrumah's Subversion in Africa sì ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó tẹ̀ ẹ́ kọ́ ni ó kọ àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1966, nígbà tí Kwame Nkrumah ti dé Peking ní ìrìn-àjò rẹ̀ sí Hanoi, àwọn ológun àti ọlọ́pàá gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ọ̀ràn Áfíríkà fún Nkrumah bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tòun ti fáìlì rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí ni wọ́n ti ṣa èyí tí ó wù wọ́n nínú rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ayé kà.

Ẹ̀sùn inú rẹ̀ kò kéré. Ó ní ìjọba Nkrumah dá àgọ́ sílẹ̀ sínú igbó, bí èyí tí ó wà ní Mankrong àti Obenemasi, pé níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira gbé ń kọ́ iṣẹ́ ogun abẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè padà lọ dojú ìjọba ilẹ̀ wọn dé. Ó ní àwọn ará Ṣáínà wà lára àwọn tí ń kọ́ wọn.

Ṣé irọ́ ni? Rárá o. Àwọn aládùúgbò Gáná ti ń pariwo kí ìwé náà tó jáde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1965 ni wọ́n fẹ́ pa Hamani Diori, olórí ilẹ̀ Niger, ó sì di ẹ̀bi ọ̀ràn náà ru Gáná. Nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Àkráà ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn kan nínú àwọn tí ń sọ èdè Faransé kọ̀, wọn kò wá. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ìwé ìjọba ìgbà náà wò lẹ́yìn wá, bí W. Scott Thompson ní 1969 àti Matteo Grilli ní 2018, kò sọ pé àgọ́ wọ̀nyí kò sí. Olùkọ́ tí ó bá fi Nkrumah hàn bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀ràn yìí, ó ń tan àwọn ọmọ jẹ.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni ọ̀gá òṣìkà. Àléébù ìwé yìí kò sí nínú ohun tí ó wí bí kò ṣe nínú ohun tí ó fi pa mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà tí ó ń ran ọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ aládùúgbò ni ó ń ran àwọn tí ń jà fún òmìnira ní àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ṣì ń jẹ gàba lé lórí lọ́wọ́. Àkráà ni ìpàdé gbogbo ènìyàn Áfíríkà ti wáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, tí Patrice Lumumba sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé pẹlẹbẹ yìí nìkan yóò rí ìhà kan owó, kò ní rí ìhà kejì.

Èyí tí ó wá burú jù ni pé àwọn tí ń fi ẹ̀sùn kan Nkrumah pé ó ń tọwọ́ bọ ọ̀ràn ilẹ̀ ẹlòmíràn kò sọ ẹni tí ó mọ̀ nípa ètò tiwọn. Ó di ọdún 1999 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí ọ̀ràn yìí. Nínú rẹ̀ ni a ti rí i pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 1965 ni òṣìṣẹ́ kan nínú ilé Ààrẹ Johnson ti kọ̀wé pé àwọn ológun àti ọlọ́pàá kan ní Gáná ń gbèrò àtigba ìjọba. N kò wí pé Amẹ́ríkà ni ó ṣe é. Mo wí pé wọ́n gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni àárín ìwé méjèèjì yìí. Ẹni tí ó ti dá ẹjọ́ ní 1966 ti sáré jù.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ará Gáná nìkan. Nígbà ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ tí wọ́n bá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Èkó ní 1962 sí 1963, agbẹjọ́rò ìjọba ní wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ogun ní Gáná. Títí di òní ni ìdílé kan náà nílẹ̀ wa ń jiyàn lórí ẹjọ́ yẹn. Ohun tí ó wà nínú fáìlì Àkráà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Bí ẹ bá dé Àkráà, ilé ìkàwé Padmore, tí wọ́n ṣí ní 1961, ṣì ní lára ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí olùkọ́ bá rin ìrìn-àjò. Kí ó gbé ìwé 1966 sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó gbé Dark Days in Ghana tí Nkrumah fúnra rẹ̀ kọ ní 1968 sí ìkejì, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ wá ibi tí àwọn méjèèjì ti gbà fún ara wọn, àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Kí wọ́n béèrè ẹni tí ó kọ lẹ́tà, ẹni tí ó yàn án láti inú àwọn mìíràn, àti ìdí tí ó fi tẹ̀ ẹ́ lásìkò náà.

Bí ọmọ kan bá sì nawọ́ sókè tí ó ní, "Ìjọba wo?", ẹ má ṣe ní kí ó jókòó. Ẹ jẹ́ kí ó dìde dúró, kí àwọn yòókù gbọ́ ọ dáadáa.