Ojú Àlejò, Etí Onílé: Ọ̀nà tí Ó Yẹ Láti Yan Eré Wíwò ní Òṣogbo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òwe yìí kan ọ̀rọ̀ eré orí ìtàgé gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó wá wọ̀ sí Ìdó-Ọ̀ṣun láti máa ti ibẹ̀ lọ wòran ní Òṣogbo, kò lè ṣe kí ó má yan ohun tí yóò wò. Ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ ní ìwọ̀n, àwọn ọmọ tí ó kó lẹ́yìn sì lè má tí ì rí òṣèré Yorùbá kan lójúkojú rí, àfi nínú fíìmù. Ọ̀pọ̀ irú àlejò bẹ́ẹ̀ a máa fi ojú yàn: ibi tí aṣọ bá ti ń dán jù, tí ijó bá ti gbóná jù, tí iná bá ti ń jáde lẹ́nu òṣèré, ibẹ̀ ni wọn yóò yà sí. Èrò tí àròkọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé etí ni ó yẹ kí á fi yan eré. Eré Yorùbá tí ó bá ti pàdánù ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pàdánù ohun tí ó mú un jẹ́ eré, bí ó ti wù kí ijó rẹ̀ dára tó.

Ohun tí Clapperton rí

Ọ̀rọ̀ àlejò àti eré kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n pè ní Katunga nínú ìwé wọn. Aláàfin pè wọ́n wá wo eré àwọn eégún alárìnjó. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó rí àwọn òṣèré tí wọ́n wọ inú àpò, tí wọ́n ń jó tí wọ́n sì ń tàkìtì. Ó rí ejò òjòlá ńlá kan. Níkẹyìn, ó rí òyìnbó kan tí ó funfun báláú, tí ó rù hangogo, tí ó ń ṣe bí ẹni ń fín aáṣáà, tí ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, tí ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń kọjú sí àwọn àlejò pé kí wọ́n jẹ́rìí bí àwòrán wọn ti jọ wọ́n tó.

Bí apá kan eré bá parí, kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ayaba a kọrin, gbogbo èrò a sì gbè é. Clapperton kọ ọ́ pé orin wà. Kò kọ ohun tí orin náà wí. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀, nítorí kò gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ lónìí yóò mọ bí awọ ejò náà ti rí, yóò mọ bí òyìnbó orí ìtàgé náà ti ń rìn, kò sì ní í mọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ohun tí ọgọ́rọ̀ ènìyàn fi ohùn kan sọ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá fi àwọn àlejò wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú orin, wọn kò lè mọ̀. Bí wọ́n bá fi oríkì kí wọn, bákan náà ni. Ohun tí ojú kó wọlé ni ó kù nínú ìwé.

Ẹ̀rí inú Ọba Kò So

Kò sí ibi tí a lè gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò tí ó dára ju agbègbè Òṣogbo lọ. Ní àwọn ọdún 1960, ìlú kan ṣoṣo yìí ni ibùjókòó ẹgbẹ́ mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí òkìkí wọn kàn jù nílẹ̀ Yorùbá: ti Dúró Ládípọ̀, ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, àti ti Oyin Adéjọbí. Ọdún 1962 ni Ládípọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ṣí ilé eré kan nínú ilé rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ ni Mbari, ọ̀rọ̀ Ígbò tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ti ń jẹ́ ní Ìbàdàn láti 1961. Ẹnu àwọn ará Òṣogbo yí i padà sí Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni pé: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí lè rò pé rírí ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni etí ni ó bí orúkọ náà: ìró ọ̀rọ̀ àjèjì kan ni àwọn ènìyàn gbọ́, tí wọ́n fi èdè ara wọn fún un ní ìtumọ̀.

Ọba Mọrọ̀ ni wọ́n ṣe ní ọdún tí wọ́n ṣí ilé náà. Ọba Kò So tẹ̀lé e ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964. Ọba Kò So ni ó lókìkí jù, ó sì bá ẹni tí ó wọ̀ sí Ìdó-Ọ̀ṣun mu ju ẹnikẹ́ni lọ. Òpópónà kan náà tí ó gbé e lọ sí Òṣogbo, bí ó bá yí ẹ̀yìn padà lójú rẹ̀, Ẹdẹ ni yóò gbé e lọ, Ẹdẹ sì ni ìlú Tìmì, ọ̀kan nínú àwọn akọni inú eré náà. Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ní jagunjagun méjì tí agbára wọn ń bà á lẹ́rù, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà ó rán Gbọ̀nńkáà pé kí ó lọ mú un wá. Ètekéte náà yí padà lé ọba lórí, títí ó fi di ẹni tí ó fi ìlú sílẹ̀.

Ibi tí Gbọ̀nńkáà ti pàdé Tìmì ni ó yẹ kí aláríwísí dúró lé. Ọfọ̀ ni wọ́n fi ja ìjà náà, kì í ṣe idà. Gbólóhùn ń wá, gbólóhùn ń pàdé rẹ̀, títí oorun fi gbé Tìmì lọ. Ojú rí ọkùnrin méjì tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan sì sùn. Bí ó bá jẹ́ ojú nìkan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè mọ̀ pé gbogbo ogun náà ni ó ń jà lọ lójú òun. Ó mọ gbólóhùn tí ó ṣe kókó, ó mọ ibi tí agbára Tìmì ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀, kí oorun tó mú un rárá. Ibi tí eré náà ti le jù fún etí ni ó ti ṣófo jù fún ojú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìparí rẹ̀. Ṣàngó pokùn so; àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń kígbe pé ọba kò so. Kòso ni orúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, Ọba Kòso sì ni oríkì tí a fi ń ki òrìṣà náà títí di òní. Nínú ìró kan ṣoṣo ni ìkọ̀jálẹ̀, orúkọ ìlú àti ìjúbà wà. Olùwòran tí ó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí bí ènìyàn ti ń di òrìṣà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí òkú ọba àti èrò tí ń pariwo.

Ẹnìkan lè takò èrò yìí. Yóò ní: ṣebí wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965 fún Àjọ̀dún Iṣẹ́ Ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́wẹ́ẹ̀tì, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì pàtẹ́wọ́ fún un? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún? Èdè Yorùbá ni àwọn òṣèré fi ṣe é níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fi ṣe é ní Òṣogbo. Ara òṣèré ń tẹ̀lé ohùn bàtá, bàtá ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Agbára tí ojú àwọn ará Berlin rí, inú ọ̀rọ̀ ni ó ti ń wá, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orísun rẹ̀. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà kúrò kí ó baà lè rọrùn fún àlejò, ìṣísẹ̀ náà yóò kù, ṣùgbọ́n kò ní í sí ohun tí ó ń tì í. Nítorí náà, àṣeyọrí ti Berlin ń kọ́ àlejò pé kí ó yan eré tí a kò gé kù nítorí rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe àlejò rárá. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, òfin náà kò sì kúrò títí di 1966. Ijó àwọn òṣèré Ògúndé kò yí padà lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ inú eré ni ìjọba gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ni ó sì bà wọ́n lẹ́rù.

Ohun tí ó wà fún yíyan

Ohun tí àlejò yóò bá ní agbègbè yìí kì í ṣe irú kan. Àkọ́kọ́ ni ọdún Ọ̀ṣun, tí ó máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ, nínú igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Àṣìṣe ni láti ka èyí mọ́ eré. Arugbá tí ó gbé igbá lọ sí odò kì í ṣe òṣèré, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdárayá. Ìsìn àwọn onílé ni, àlejò sì bá wọn péjọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá wá nígbà ọdún lè lọ, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò ní í sọ pé òun ti wo eré.

Èkejì ni ijó àti ìlù tí a ń pèsè fún àlejò ní ilé ìtura àti níbi àpèjẹ. Kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onílù àti oníjó gidi ni. Àléébù rẹ̀ ni pé àkókò díẹ̀ ni ẹni tí ó pè wọ́n fún wọn. Ijó a máa wọ inú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìtàn tí ó ní oríṣiríṣi ẹ̀dá-ìtàn, tí ó ní ọfọ̀ àti èsì ọfọ̀, kì í wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé sọnù.

Ẹ̀kẹta ni eré àwọn ìlú ńlá. Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìgánmú, tí wọ́n ṣí ní 1976, tí FESTAC sì wáyé nínú rẹ̀ ní 1977, ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti 2024. Àwọn eré olórin ti Terra Kulture náà wà ní Èkó, irú Saro ti 2013 àti Fela and the Kalakuta Queens ti 2017. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí. Kò yẹ kí a fi Ọba Kò So wọ̀n wọ́n, nítorí wọn kò gé ọ̀rọ̀ eré kan kù kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni kí a fetí sí, kí a sì fi dá wọn lẹ́jọ́.

Ẹ̀kẹrin ni eré Yorùbá odidi, tí ó ṣọ̀wọ́n lóde òní. Láti ìgbà tí Àjàní Ògún ti jáde ní fíìmù ní 1976 ni àwọn ẹgbẹ́ ti ń fi ìtàgé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fídíò sì parí iṣẹ́ náà. Nítorí náà, àlejò ní láti wádìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bi ẹni tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ta ni eré náà wà fún, ṣé àwọn ará ìlú ń sanwó wọlé wò ó? Ṣé òṣèré àti onílù máa ń dá ara wọn lóhùn, tàbí inú ẹ̀rọ ni ìlù ti ń jáde? Ṣé odidi ni, tàbí ẹ̀yà kan ni wọ́n yọ nínú rẹ̀?

Bí ó bá rí èyí tí ó pé, kí ó má jókòó sí àga àwọn ènìyàn pàtàkì. Kí ó lọ jókòó láàrin àwọn onílé. Eré Oyin Adéjọbí kò ní ìwé tí a kọ sílẹ̀; àwọn òṣèré ni wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ wọn sọ, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń yí padà bí àwọn èrò bá ti dáhùn. Karin Barber, ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ náà rìn tí ó sì bá wọn ṣeré, ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2000. Ẹni tí ó jókòó láàrin àwọn onílé yóò gbọ́ ìdajì eré náà láti ẹnu wọn. Àwọn olùkọ́ tí ó ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ sì lè kọ́kọ́ bá wọn ka ọ̀rọ̀ eré nílé. A ti tẹ ọ̀rọ̀ Ọba Kò So jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1972 pẹ̀lú ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọmọ tí a bí sí òkè òkun pàápàá kò ní àwáwí.

Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ohun tí àlejò bá ń rà ni ọlọ́jà yóò máa tà. Bí àwọn tí ó ní owó ìsinmi lọ́wọ́ bá ń fi ojú yàn lọ́dọọdún, ijó nìkan ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó kù yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn, nígbà tí ó bá sì yá, Gbọ̀nńkáà yóò dé iwájú Tìmì ní Ẹdẹ, kò sì ní í ní gbólóhùn kan lẹ́nu.